Afárá rélùwéè tí ọkọ̀ kò gbà mọ́: ibo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó o?

Ọmọ_Ìjọ̀kà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ni mí, ọdún kẹrin, apá South Gate l'Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Olùkọ́ wa fún wa ní asáìnmẹ́ǹtì kan tí kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní ká gbà pé afárá ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan wà, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, olójú méjìlá ni, gbogbo ojú rẹ̀ ló sì jẹ́ áàṣì, ìyẹn ojú tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Wọ́n ti hú irin orí rẹ̀ kúrò tipẹ́, ọkọ̀ kankan kò gbà á mọ́. Odò kékeré ń ṣàn lábẹ́ ojú kan, títì gba abẹ́ òmíràn, ilé àwọn èèyàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jìnnà rárá. Ẹni tó ni afárá fẹ́ wó o. Ká kọ bí a ó ṣe wó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má fara pa.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká gbé katapílà wá, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kan, ká máa wó ojú kọ̀ọ̀kan lọ títí yóò fi tán. Ọ̀rẹ́ mi ní dáínámáìtì ló yá jù. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín? Ẹ gbà mí o.

Ṣàngó_Ọ̀dàRoad

Rélùwéè ní Àkúrẹ́ kẹ̀! Ọkọ̀ ojú irin ò dé ìlú wa rí. Òṣogbo làwọn bàbá wa ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Sọ fún olùkọ́ yín kó wá wo gọ́tà iwájú ilé mi, asáìnmẹ́ǹtì ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀.

Wẹ́dà_Ìlẹ́ṣàGáràjì

Ṣé bíríkì ni gbogbo ẹ̀? Kò sí irin kankan nínú ẹ̀? Ká ní onírin ni, ẹ ò bá má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mo ní àwọn oníkọ̀ǹdẹ́mù tó máa tú u palẹ̀, wọ́n á tún sanwó fún yín lé e.

Ẹnjiníà_Alágbàká

Ọmọ_Ìjọ̀kà, dákun, má gbé katapílà débẹ̀. Bí o bá wó ojú kan ṣoṣo láti orí kan, ojú mọ́kànlá tó kù lè tẹ̀ lé e wálẹ̀, kí katapílà àti ẹni tó ń wà á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹrù tó wà lórí áàṣì kì í sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ó ń pín gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń fẹ́ ti àwọn òpó tó gbé e dúró síta. Òpó tó wà láàárín áàṣì méjì, ti ọwọ́ ọ̀tún ń tì í sósì, ti ọwọ́ òsì ń tì í sọ́tùn-ún. Agbára méjèèjì dọ́gba, òpó sì dúró gbọn-in. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tó kọ́ ọ lè mọ òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga fíofío nìyẹn. Tí o bá wá yọ áàṣì kan, ìyẹn tó ń ti òpó láti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń dá a padà mọ́. Òpó á ṣubú. Áàṣì tó gbára lé òpó yẹn á já. Òpó tó tẹ̀ lé e á tún wà láìní alátakò, òun náà á sì ṣubú. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti dé orí kejì.

Àwọn tó kọ́ irú afárá bẹ́ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Afárá Ribblehead wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olójú mẹ́rìnlélógún ni, ó ga tó mítà 32, ọdún 1875 sì ni ọkọ̀ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Wá àwòrán rẹ̀ kí o ka òpó rẹ̀. Wàá rí i pé lẹ́yìn ojú mẹ́fà-mẹ́fà, òpó kan wà tó nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òpó alágbára yìí lè dá ìtìkítì ẹ̀gbẹ́ kan dúró lóun nìkan. Bí ojú kan bá já, ó lè kó àwọn tó wà láàárín òpó nínípọn méjì lọ, àmọ́ ibẹ̀ ló máa dúró sí.

Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí o bi olùkọ́ rẹ kì í ṣe ti katapílà tàbí dáínámáìtì. Bi í pé: nínú òpó mọ́kànlá tó wà láàárín, ṣé a rí èyí tó nípọn?

Ọmọ_Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti wo àwòrán tí wọ́n fún wa. Gbogbo òpó rí bákan náà, kò sí èyí tó nípọn. Ṣé dáínámáìtì ló kù nìyẹn?

Kúọ́rìmàn_ÌtaOgbólú

Ọ̀rọ̀ dé ibi tiwa. Òkúta là ń fọ́ ní apá ibí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ìwé lè má sọ fún yín.

Ìbúgbàù kọ́ niṣẹ́ o, ihò lílu niṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ń lu ihò, ojú eruku tó ń tú jáde là ń wò. Bí eruku bá gbẹ, tó funfun, tí irin náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, inú òkúta gidi lẹ wà. Bó bá pupa, tó ń lẹ̀, tí irin sì ṣàdédé já wọlé láìjà, ẹ ti bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ tàbí ibi tó ṣófo. Ẹ ò gbọdọ̀ kó ẹrù, ìyẹn ohun tó ń bú gbàù, kún irú ihò bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń kó o sínú ìyókù. Agbára rẹ̀ á gba ibi tó rọ̀ sá jáde, á máa ju òkúta kiri, èyí tó yẹ kó fọ́ ò sì ní fọ́.

Òpó afárá àtijọ́ ló wá lágídí jù níbi tí èyí bá dé. Ojú ìta rẹ̀ lè jẹ́ bíríkì tó jọjú, kí inú rẹ̀ jẹ́ àfọ́kù òkúta tí wọ́n kàn dà sí i, òmíràn tiẹ̀ ṣófo. Kẹ́ ẹ tó kó ohunkóhun wọbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lu ihò kéékèèké wò nínú òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọkàn tán àwòrán, pàápàá àwòrán ìgbà ayé bàbá ńlá yín.

Lẹ́yìn náà, kì í ṣe pé gbogbo ihò ń bú lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí rẹ ò tiẹ̀ lè yà á sọ́tọ̀. Àlàfo yẹn ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mì jù. Bí gbogbo ẹ̀ bá bú pọ̀, ògiri ilé tó wà nítòsí á là, àwọn onílé á sì kó lọ́yà wá. Kódà kẹ́ ẹ tó bú ẹyọ kan, ẹ lọ láti ilé dé ilé, kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti là tẹ́lẹ̀ lára ògiri. Ẹ kọ déètì sí i, kí onílé bá yín fọwọ́ sí i. Ìrírí ló kọ́ àwa nìyẹn. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ti là látìgbà Àbáchà á ní ẹ̀yin lẹ là á.

Ní ti asáìnmẹ́ǹtì rẹ, ọmọ mi, ilé tó "kò jìnnà rárá" yẹn ni mi ò fẹ́ràn. Dáínámáìtì lè ṣe é, nítorí ó lè gba ẹsẹ̀ gbogbo òpó lọ tẹ̀léra-tẹ̀léra kí gbogbo afárá jókòó sílẹ̀ lórí ìlà ara rẹ̀. Àmọ́ odò náà ńkọ́? Gbogbo bíríkì yẹn á dí i. Bí òjò bá rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ta ni omi máa kọ́kọ́ kí?

Ṣàngó_Ọ̀dàRoad

Omi máa kí wa ni. Àwa ọmọ etí odò Àlà, a mọ omi.

Ọmọ_Oǹdó_níNewport

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún ni mí, ní Wales ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo rí àkọlé yìí, ó bá mi lára mu, torí pé ìtàn irú afárá bẹ́ẹ̀ wà lápá ibí tí mo wà.

Ìlú kékeré kan ń jẹ́ Crumlin, àfonífojì odò Ebbw ló wà. Ọdún 1857 ni wọ́n ṣí afárá rélùwéè onírin kan síbẹ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 200. Ẹ fojú inú wò ó: ilé àwọn èèyàn ń bẹ nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí òrùlé wọn lójú sánmà. Ọdún 1964 ni ọkọ̀ dẹ́kun gbígbà á. Ìjọba ìgbà yẹn ń ti ojú irin tí kò mówó wọlé pa káàkiri, ìròyìn tí Beeching, ọ̀gá rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́dún 1963 ló dá lé. Lọ́dún 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ó wọ ọdún 1967 kó tó tán. Àwọn àgbà tí mò ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù ṣì ń dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ á sọ fún ẹ bí ìró ọkọ̀ ṣe ń dún lórí afárá yẹn.

Mo wá fẹ́ bi yín, ẹ̀yin ẹnjiníà: kí ló dé tó fi jẹ́ wíwó ló kọ́kọ́ ń wá sí yín lọ́kàn? Afárá onírin mìíràn wà láàárín Derbyshire àti Nottinghamshire, Bennerley ló ń jẹ́, ti ọdún 1877 nìyẹn. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù sápá ibẹ̀ lọ́dún 1916, afárá ò wó. Wọ́n tì í lọ́dún 1968, wọ́n fẹ́ tú u tà, owó tí títú rẹ̀ máa ná pọ̀ ju èyí tí irin rẹ̀ máa mú wá lọ. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn fún àádọ́ta ọdún ó lé, tó ń dípẹtà. Ní January 2022 wọ́n ṣí i fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti oníkẹ̀kẹ́. Mo ti gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Ó gùn ju irínwó mítà lọ, atẹ́gùn orí rẹ̀ á sì bọ́ gèlè lórí rẹ.

Wẹ́dà_Ìlẹ́ṣàGáràjì

Àǹtí, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ nípa Bennerley yẹn, ó sì yé mi ju bó ṣe yé àwọn oníwèé lọ. Irin ayé àtijọ́ kì í ṣe irin òde òní. Mo ti bá èyí tí wọ́n hú láti ilé àwọn òyìnbó àtijọ́ pàdé. Bí o bá ṣẹ́ ẹ, kì í kán pẹ́ẹ́, ńṣe ló ń fà já fọ́nrán-fọ́nrán bí ẹ̀ka igi tútù. Gáàsì ń gé irin òde òní tán bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ọṣẹ, àmọ́ èyí, ìdàrọ́ tó wà nínú rẹ̀ á máa tú jáde, á dí ojú gígé, wàá tún padà bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá tún fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án pọ̀, tí kì í ṣe bóòtì, orí rífẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lo máa gé. Ta ló fẹ́ ka iye rẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun irin àtijọ́, òjé wà nínú rẹ̀. Bí iná gáàsì bá kàn án, òjé yẹn á di èéfín, ẹni tó ń gé e á fà á símú. Orí fífọ́, inú rírun, ara gbígbọ̀n, kò ní mọ ibi tó ti wá. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, kẹ́ ẹ sì lo ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń so mọ́mú. Mo ń sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ra kọ̀ǹdẹ́mù, kì í ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Bàbá_Rélùwéè_Oǹdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè, ilé ni mo wà ní Oǹdó báyìí. Ọ̀fà àti Òṣogbo ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ìdí títún ojú irin ṣe ni mo wà.

Ẹni tó ní rélùwéè ò kàn wá, ó parọ́ díẹ̀. Lóòótọ́ kò gba Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó l'Ékòó, ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà, ó fi wa sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n kòkó Oǹdó gun lọ́rì, òmíràn gun ọkọ̀ ojú omi láti apá Òkìtìpupa lọ sí Èkó. Àwọn ọmọ wa náà sì ṣe iṣẹ́ rélùwéè, èmi jẹ́ ọ̀kan. Lọ́dún 2014 pàápàá, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ojú irin Èkó sí Calabar tí wọ́n ní yóò gba Ọ̀rẹ̀. A ṣì ń wojú ọ̀nà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afárá tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbà á, ẹnìkan ń rin orí rẹ̀. Gáńgì wa ń fẹsẹ̀ rìn ín, òòlù lọ́wọ́, a ń gbá irin, a ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀. A ń fọ ihò tí omi ń gbà jáde. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dẹ́kun, ọjọ́ yẹn ni ẹni tó ń rìn ín náà dẹ́kun. Ihò omi á dí pẹ̀lú ewé. Omi òjò á dúró sínú iyẹ̀pẹ̀ tó wà láàárín àwọn ògiri orí áàṣì, á máa wá ọ̀nà gba àárín bíríkì jáde, á máa fọ láìmù tí wọ́n fi mọ ọ́n, èyí tí wọ́n ń lò dípò sìmẹ́ńtì láyé àtijọ́, lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tó ń ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ áàṣì, láìmù inú rẹ̀ ló ń jáde yẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ á wá, á su èso ọ̀dán sí i. Ọ̀dán á hù. Ẹ mọ ohun tí gbòǹgbò ọ̀dán ń fi ògiri ṣe.

Torí náà mi ò gbà pé ọjọ́ orí ló ń pa afárá. Mo ti rí irin tó dàgbà ju bàbá mi lọ tó ṣì ń gbé ẹrù. Wọ́n ṣí afárá Jẹ́bà lórí odò Ọya lọ́dún 1916, ọkọ̀ ojú irin ṣì gbà á nígbà tí mo wà níṣẹ́. Èyí tí a pa tì ló ń kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú irin tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀ kì í pẹ́ kí àwọn tó ń yọ ọ́ tà tó dé. Wẹ́dà, mo ń wò ọ́ o.

Wẹ́dà_Ìlẹ́ṣàGáràjì

Ẹ gbà mí, bàbá! Èmi kì í ra irin rélùwéè. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ẹ̀, ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń lé e ni.

Ṣàngó_Ọ̀dàRoad

Gbogbo èyí dùn létí. Bàbá, ẹ ṣeun. Àǹtí, ẹ kú afẹ́fẹ́. Àmọ́ ta ló ń sanwó? Ẹ ní kí wọ́n máa fọ ihò, kí wọ́n máa gé ọ̀dán, kí wọ́n máa tún bíríkì mọ, lọ́dọọdún, títí ayé, fún afárá tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, ẹ mọ̀ pé owó yẹn á dé ọ́fíìsì, kò ní dé afárá. Bí bíríkì kan bá wá já lu ọlọ́kadà lórí? Ẹ wó o kí ọkàn ó balẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn.

Ẹnjiníà_Alágbàká

Ṣàngó, ìbéèrè rẹ ni ìbéèrè gidi, ó sì lágbára ju ti áàṣì lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tó ń bójú tó títì ńláńlá, National Highways, òun náà ló ń bójú tó àwọn afárá àti ihò abẹ́ òkè tí rélùwéè ti fi sílẹ̀. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ àyẹ̀wò, kò sì sí èyí tó ń mú owó wọlé láti san án. Àjọ náà wá rò ó bí ìwọ ṣe ń rò ó yìí, àmọ́ dípò wíwó wọ́n ní àwọn á dí òmíràn nínú wọn pa.

Afárá òkúta kan wà ní Great Musgrave, ní Cumbria. Títì ìlú gba orí rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ló ń gba abẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2021 wọ́n da òkúta àti kọnkéré tó lé ní ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù sí abẹ́ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dí pátápátá. Àwọn ará ibẹ̀ fárí gá, wọ́n ní afárá náà ò tíì dé ibi pé kó wó, wọ́n sì ń rò láti mú ọkọ̀ ojú irin àfiṣàfẹ́ padà gba abẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ohun tí wọ́n ti ṣe kọjá. Lọ́dún 2023, wọ́n ní láti kó gbogbo kọnkéré yẹn jáde padà. Owó dídí, owó kíkó jáde. Afárá náà ṣì dúró síbẹ̀.

N kò sọ pé wọn ò gbọdọ̀ wó afárá kankan o. Níhìn-ín ni èmi àti àǹtí Newport ti yàtọ̀ díẹ̀. Òmíràn ti bàjẹ́ ju àtúnṣe lọ, orí títì tí ọmọ ilé ìwé ń gbà ló sì wà. Irú ìyẹn, kí wọ́n wó o. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí èèyàn ti pinnu wíwó kó tó gun orí rẹ̀ lọ wò ó.

Ọmọ_Oǹdó_níNewport

Ẹnjiníà, a ò yàtọ̀ púpọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó ń pinnu kì í gbé lábẹ́ afárá, kì í sì gbé lórí òkè tó ń wò ó láàárọ̀. Ribblehead tí ẹ dárúkọ yẹn, ṣebí àwọn rélùwéè fúnra wọn fẹ́ ti ojú ọ̀nà yẹn pa nítorí owó àtúnṣe afárá náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ̀wé tako o, lọ́dún 1989 ìjọba ní kó máa lọ. Ọkọ̀ ń gbà á dòní.

Ẹnjiníà_Alágbàká

Òótọ́ ni. Mo gbà fún yín níbẹ̀.

Ọmọ_Ìjọ̀kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ̀: bí wọ́n bá ti pinnu pé wọ́n á wó o, tí òpó kankan ò nípọn, tí dáínámáìtì sì léwu nítorí ilé àti odò, báwo ni a ṣe máa ṣe é lọ́wọ́?

Ẹnjiníà_Alágbàká

Ó dáa. Kọ́ ọ padà sẹ́yìn: ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ kó kúrò. Òkúta tí irin rélùwéè sùn lé lórí ló kọ́kọ́ ń lọ, tẹ̀ lé e ni ògiri kúkúrú etí afárá lọ́tùn-ún àti lósì. Lẹ́yìn náà lo dé ibi iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí áàṣì, ibẹ̀ ni kí o ti fara balẹ̀ jù. Ìwúwo iyẹ̀pẹ̀ yẹn wà lára ohun tó ń mú áàṣì dúró. Tí o bá kó ti ẹ̀gbẹ́ kan tán tí o fi ti ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó wúwo á rì, èyí tó fúyẹ́ á yọ gọngọ sókè, á sì já. Ṣe ni kí o máa kó o ní ìpele tín-ín-rín, ọ̀tún àti òsì dọ́gba, lórí gbogbo ojú méjèèjìlá papọ̀. Má ṣe parí ojú kan kí o tó bọ́ sí èkejì. Ẹ̀rọ kékeré ni kí o gbé sórí rẹ̀, kì í ṣe katapílà ńlá.

Kí o tó fọwọ́ kan áàṣì fúnra rẹ̀, gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀ tó máa gbà á dúró, irin tàbí pákó, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Èyí ló ń gba owó. Kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ni kí o gbé e sí o. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tiwọn kí o tó yọ ọ̀kan, kí òpó má bàa rí ẹni tì í. Ojú tí títì gba abẹ́ rẹ̀, òru ni kí o ṣe é, pẹ̀lú ìwé àṣẹ pé wọ́n ti dí títì náà. Ojú tó wà lórí odò, ta pèpéle tàbí àwọ̀n irin sábẹ́ rẹ̀ kí nǹkan kan má bọ́ sómi. Wáyà iná, páìpù omi, ohun gbogbo tó bá gba ara afárá kọjá, kí wọ́n ti gbé wọn kúrò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Òpó ló kẹ́yìn, láti òkè wálẹ̀.

Àti àdán! Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ rẹ ní lọ́kàn, àdán máa ń gbé ibi tó ti là lára bíríkì àtijọ́, òfin ibẹ̀ sì dáàbò bò wọ́n. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ńgílá ni àdán ti dá dúró.

Ṣàngó_Ọ̀dàRoad

Àdán dá kọ́ńgílá dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á ti fi se ọbẹ̀.

Bàbá_Rélùwéè_Oǹdó

Ọmọ_Ìjọ̀kà, fi èyí kún un. Bíríkì tí wọ́n fi láìmù mọ, tí kì í ṣe sìmẹ́ńtì, láìmù rẹ̀ máa ń ha kúrò lára rẹ̀, bíríkì á sì jáde láìfọ́. Èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, bíríkì ló máa fọ́ kí sìmẹ́ńtì tó kúrò. Torí náà bí afárá yẹn bá ti dàgbà tó bí o ṣe sọ, kọ ọ́ pé wọ́n á to bíríkì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún títà. Á dín owó iṣẹ́ kù. Olùkọ́ rẹ á mọ̀ pé o ronú.

Ọmọ_Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun bàbá, ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti ń kọ ọ́. Ẹnjiníà, ṣé kí n kọ ìpín kan sí i lórí pé kí wọ́n má wó o? Wíwó nìkan ni wọ́n ní ká kọ.

Ẹnjiníà_Alágbàká

Ojú ìwé kan ṣoṣo, níwájú. Kọ ohun tí o rí nígbà tí o yẹ̀ ẹ́ wò, iye tí wíwó máa ná ní ìfiwéra pẹ̀lú iye tí àtúnṣe máa ná, kí o wá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní kí o ṣe. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí iye méjèèjì kó tó fọwọ́ sí ọ̀kan.

Kúọ́rìmàn_ÌtaOgbólú

Ọmọ mi, bó o bá ráyè, wá sí kúọ́rì wa ní ọjọ́ tá a bá fẹ́ bú òkúta. Wàá fojú ara rẹ rí bí wọ́n ṣe ń kó ihò, wàá gbọ́ síréènì, wàá rí bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà pẹ̀lú àsíá pupa. Mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ méjì dání. Màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun sà! A máa wá. Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ṣé ohun kan wà tó yẹ ká mú wá?

Kúọ́rìmàn_ÌtaOgbólú

Bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà wá, gétì ló máa dúró sí.